Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, ẹnu ọ̀nà kan: irú ibi ìpamọ́ dátà wo ni ká rà?

Ìbéèrè tó dé láti Òṣogbo nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ní Òkè-Fìà. A kó kọ̀ǹpútà mẹ́jọ jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní core 16 (ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò) àti RAM 64 GB, switch gigabit kan (àpótí tí wáyà gbogbo wọn wọ̀) ló so gbogbo wọn pọ̀. Háàdì dísìkì mẹ́rin tó ń yí nígbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan wà nínú ọ̀kan nínú wọn, RAID 5 (ìdì tí dísìkì kan lè kú kí dátà má sọnù) la fi dì wọ́n, NFS (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà pín fáìlì lórí wáyà) la sì fi ń pín in fún àwọn méje tó kù. Èmi àti ẹnì kejì mi ń fi WRF, ètò ìṣirò ojú ọjọ́, ṣírò òjò lágbègbè odò Ọ̀ṣun. Àwọn méjì yòókù ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá àrùn ewé ẹ̀gẹ́ mọ̀. Àwòrán wọn jẹ́ 300,000, gbogbo rẹ̀ tó 120 GB. Iṣẹ́ ń falẹ̀ gan-an, bí a bá sì wo àwọn core, àkókò púpọ̀ ni wọ́n fi ń jókòó lásán. A ti dá owó jọ. Ẹnì kan ní ká ra NVMe (dísìkì tí kì í yí) tó yá jù lọ́jà, ẹlòmíràn ní ká gbé Lustre (ètò tó ń fọ́n fáìlì sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀) kalẹ̀ bí àwọn ilé ìwádìí ńlá ṣe ń ṣe. Èwo ni ká tẹ̀ lé? Ṣé ká sì ta háàdì dísìkì mẹ́rin yẹn?”

Ẹ kú làálàá o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Inú mi dùn púpọ̀ pé ọ̀dọ́ mẹ́rin jókòó pọ̀, wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́jọ jọ, wọ́n sì dojú kọ òjò àti ewé ẹ̀gẹ́, ohun méjì tó kan ilé gbogbo wa. Nítorí náà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bò fún yín. Ẹ má tíì ra NVMe. Ẹ má tilẹ̀ sún mọ́ Lustre. Ohun tó kọ́kọ́ ń dá yín dúró ni wáyà tó so àwọn kọ̀ǹpútà yín pọ̀. Èkejì ni ọ̀nà tí WRF yín ń gbà kọ fáìlì sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn àwòrán kéékèèké tí ẹ tú ká sílẹ̀ bí àgbàdo. Ẹ̀yìn àwọn mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ dísìkì wà. Ẹ máa rà á, mo sì máa sọ irú èyí tí ẹ máa rà, àmọ́ bí ẹ bá fi ṣe àkọ́kọ́, owó yín á lọ, iṣẹ́ á sì wà bó ṣe wà.

Ẹ rántí bí Ọláìyá ṣe máa ń rí kí wọ́n tó ṣe afárá sí i. Mọ́tò tó lè sáré dáadáa á dé oríta, á dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á dúró. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì wọn kò lágbára, oríta ni kò gbà wọ́n. Port gigabit (ihò wáyà) tó wà lára server yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí dísìkì mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ni Ọláìyá ìgbà yẹn. Gigabit kan, bí ẹ bá fi 8 pín in, 125 MB ló lè gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí TCP (òfin ìrìnnà dátà lórí wáyà) àti NFS bá ti yọ owó ibodè tiwọn, nǹkan bí 110 MB ló ń kù. Bẹ́ẹ̀, háàdì dísìkì kan ṣoṣo tó ń yí ní 7200 lè ka fáìlì ńlá tó wà lójú kan ní 150 sí 250 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rin yín ti kún ẹnu ọ̀nà náà dé ìdérí. NVMe PCIe 4.0 tó dáa lè ka 7,000 MB. Bí ẹ bá gbé e sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà 110, 110 náà ni àwọn kọ̀ǹpútà méje máa rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní WRF yín ń kọ 3 GB sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 òjò, ẹ sì fẹ́ mọ bí òjò ṣe máa rọ̀ fún wákàtí 72. Ìgbà 288 ló máa kọ̀wé, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 864 GB. Ní 110 MB, 3 GB kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá 27. 288 rẹ̀ lé díẹ̀ ní wákàtí méjì ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo àkókò yẹn, core 128 ń wo ojú ara wọn. Bí ẹnu ọ̀nà bá di gigabit mẹ́wàá, tí dísìkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì lè gbà á, 1,100 MB á máa kọjá, wákàtí méjì lé yẹn á sì di ìṣẹ́jú 13.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan pè mí sí ọ̀rọ̀ tó jọ tiyín gan-an. Wọ́n ti ra NVMe olówó gọbọi, iṣẹ́ kò yá sí i. Alẹ́ ni mo débẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ, mo tẹ iostat -x 5 (àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ dísìkì hàn) sórí server wọn, mo sì gbé àga síwájú switch. Lójú kọ̀ǹpútà, %util (ìdá àkókò tí dísìkì fi ń ṣiṣẹ́) dísìkì tuntun náà ń lọ láàárín 3 àti 6: ẹni tí wọ́n rà wá láti sáré ń sùn. Lára switch, iná port kan kò dákẹ́, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí èèpẹ̀ wọ̀ lójú. Àwọn yòókù á tàn pìrì, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún tàn. Mo na ìka sí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí owó tó ti lọ ni gbogbo wọn ń rò. Ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó rà á.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe é lálẹ́ òní. Ẹ fi iostat wo dísìkì lórí server, ẹ sì fi sar -n DEV 5 wo wáyà, nígbà tí iṣẹ́ gidi ń lọ. Bí wáyà bá ń sún mọ́ 110 MB tí dísìkì sì ń ṣe wẹ́lẹ́, ẹnu ọ̀nà ni. Bí %util dísìkì bá sún mọ́ 100, tí await rẹ̀ (àkókò tí iṣẹ́ kan fi ń dúró) sì jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì ogún tàbí ọgbọ̀n, orí dísìkì ló ń sá kiri. Bí méjèèjì bá fara balẹ̀ tí àwọn core ṣì ń dúró, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ̀wé tí gbogbo ilé ń dúró dè é. (Nígbà tí ẹ bá ti wá ní NVMe, ẹ má gba %util tó ga gbọ́ pátápátá. NVMe ń gba iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fi 100 hàn nígbà tí àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó kéré ló ṣeé gbà gbọ́.)

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ó bá ẹnì kan ṣoṣo tó ń kọ̀wé yẹn nínú WRF yín. Ẹ ṣí namelist.input, ìwé ètò WRF, ẹ wo io_form_history. Bó bá jẹ́ 2, bó sì ṣe sábà máa ń jẹ́ nìyẹn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé process àkọ́kọ́ (process ni ìpín iṣẹ́ tí core kan ń ṣe) á gba dátà lọ́wọ́ gbogbo àwọn 127 tó kù, á tò ó, á wá kọ ọ́ sílẹ̀ lóun nìkan. Bí process yẹn kò bá sí lórí server, dátà náà ń gba oríta kọjá lẹ́ẹ̀mejì: ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó tún lọ sí server. Orí switch kan náà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn process ń bá ara wọn sọ lórí òjò ń gbà, nítorí náà ìwé kíkọ ń fa ìṣirò fúnra rẹ̀ sẹ́yìn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ server sí ìlà àkọ́kọ́ nínú hostfile, ìwé tó to orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà, kí process àkọ́kọ́ lè jókòó ti dísìkì. Ìkejì, ẹ lo ohun tí WRF ń pè ní quilting: nínú &namelist_quilt, ẹ fi nio_tasks_per_group àti nio_groups yọ core mélòó kan sọ́tọ̀ tí iṣẹ́ wọn á jẹ́ ìwé kíkọ nìkan. Àwọn tó ń ṣírò á ju dátà sí wọn, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bí 3 GB bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 27 láti kọ, tí ìṣírò ìṣẹ́jú 15 tó tẹ̀ lé e sì ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí core kankan tí yóò tún dúró de dísìkì. Ẹ rí i dájú pé RAM tó lára kọ̀ǹpútà tí àwọn akọ̀wé yìí wà, torí wọ́n á di dátà náà mọ́ra kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ fi PnetCDF (ètò tó ń jẹ́ kí process púpọ̀ jọ kọ fáìlì kan) compile WRF, kí ẹ sọ io_form_history di 11, kí gbogbo process máa kọ̀wé pọ̀. Ìmọ̀ràn tó dáa ni níbi tó bá ti yẹ ẹ́. Kò yẹ NFS. MPI-IO, ọ̀nà tí PnetCDF ń gbà kọ̀wé, fẹ́ kí ohun tí kọ̀ǹpútà kan kọ hàn sí àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀, NFS sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa di nǹkan mọ́ra fúngbà díẹ̀. Kí ó tó tọ́, ẹ ó fi noac (àṣàyàn NFS tó ń dín ìdìmọ́ra yẹn kù) gbé e, noac á sì so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti rí fáìlì tó bàjẹ́ nítorí pé ẹnì kan gbàgbé noac. Ẹ fi PnetCDF sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ bá ní filesystem (ètò ìpamọ́ fáìlì) tí wọ́n dìídì ṣe fún irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ewé ẹ̀gẹ́. Ọ̀tọ̀ ni àìsàn tibí. Òjò yín ń kọ fáìlì ńlá, ewé yín ń ka fáìlì kéékèèké láìtò, ìyẹn ni háàdì dísìkì sì kórìíra jù láyé. Ẹ fojú inú wò ó: àwo tó ń yí ní 7200 ń pé yíyí kan ní mílísẹ́kọ́ńdì 8.3. Láti rí ohun tí ẹ ń wá, ẹ ó dúró fún nǹkan bí ìdajì yíyí, ẹ ó sì tún dúró kí orí tó ń kàwé sún dé ojú ọ̀nà tó yẹ, nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 8 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Nítorí náà, kò lè sún ju bí ìgbà 80 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ti wù kó tóbi tó. Dísìkì mẹ́rin, 320. Fáìlì kọ̀ọ̀kan tún fẹ́ kí ó kọ́kọ́ wá orúkọ, kó tó wá ohun tó wà nínú rẹ̀. Ká pè é ní ìgbà méjì. Àwòrán 300,000 á gba ìsúnsọ́tùn-ún-sósì 600,000, ìyẹn sì lé ní ìṣẹ́jú 31 fún kíkà kan ṣoṣo. Bí àwọn ẹ̀gbẹ́ yín bá fẹ́ kà á yípo ní ìgbà 30, wákàtí 15 lé ti lọ sórí dísìkì tó ń mì. RAM 64 GB kò sì lè gbé 120 GB mì kó máa rántí rẹ̀.

NFS tún bù kún un. Fáìlì kan, ẹ ṣí i, ẹ bi í pé ta ni ó ni ọ́, ẹ kà á, ẹ pa á dé. Gbogbo rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lórí wáyà bí ọmọ tí wọ́n rán sọ́jà fún ata, tó padà dé kí wọ́n tó rán an fún iyọ̀. Ẹ kó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dì àwọn àwòrán náà sínú tar (fáìlì kan tó kó fáìlì púpọ̀ sínú) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí 1 GB, kí ó jẹ́ 120, ẹ da wọ́n rú kí ẹ tó dì wọ́n kí irú àrùn kan má báa kó jọ sójú kan. Ètò WebDataset tó ń bá PyTorch, ètò ìkọ́ni kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ lè ka irú ìdì bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún háàdì dísìkì, fáìlì 120 tó gùn ni, kò ní sún kiri mọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni dídì wọn, ó sì lè ju gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ fi owó rà lọ.

Ó wá kan owó.

Ẹ kọ́kọ́ ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Káàdì gigabit mẹ́wàá tòkunbọ̀ tó ní SFP+ (ihò wáyà gigabit mẹ́wàá) wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, wáyà DAC tí wọ́n fi ń so wọ́n kì í wọ́n, ó sì le bí okùn bàbá àgbẹ̀. Bí owó bá tó, kí gbogbo kọ̀ǹpútà mẹ́jọ gba gigabit mẹ́wàá. Bí kò bá tó, ẹ wá switch tó ní port gigabit 24 pẹ̀lú SFP+ méjì tàbí mẹ́rin: kí server gba gigabit mẹ́wàá, kí àwọn méje dúró lórí gigabit wọn. Oríta á ti ṣí, méje nígbà 110 á lè wọlé pọ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé process kan ṣoṣo tó ń kọ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà gigabit kò ní rí ju 110 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ̀rọ̀ WRF ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá ń gbé NFS lórí Linux tuntun, ẹ fi nconnect=8 kún un; nconnect wà láti kernel (ọkàn Linux) 5.3 ti ọdún 2019, ó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣí ojú ọ̀nà púpọ̀ sọ́dọ̀ server.

Nígbà tí ẹnu ọ̀nà bá ṣí tán, RAID 5 yín ló máa wá di ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí ẹ bá kọ ohun kékeré kan sínú RAID 5, ó ń ka ti àtijọ́, ó ń ka parity (ìṣirò tó ń dáàbò bo dátà), ó ń kọ tuntun, ó ń kọ parity tuntun: iṣẹ́ mẹ́rin fún ọ̀kan. Ibi tí NVMe ti wọlé nìyí. Ẹ ra méjì fún server, 3.84 TB lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi RAID 1 dì wọ́n kí ọ̀kan máa jẹ́ àwòjíìjí èkejì. Ẹ sì ra ọ̀kan kékeré, 1 TB tó, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà méjì tí àwọn oníṣẹ́ ewé ń lò jù. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí tar 120 yẹn kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Lórí gigabit mẹ́wàá, 120 GB ń gba ìṣẹ́jú tí kò tó méjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa kà á lábẹ́ òrùlé ara wọn, kí wọ́n fi server sílẹ̀ fún òjò.

Ẹ ṣọ́ra níbi rírà o. NVMe tí wọ́n ṣe fún laptop ní apá kan tó yá gan-an tó ń fi gba ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí apá yẹn bá kún, ojú rẹ̀ á yí. Àwọn tó jẹ́ QLC (tó ń kó bit mẹ́rin sínú àyè kan) lè rẹlẹ̀ ju háàdì dísìkì lọ. Ó dà bí àdìrẹ tí wọ́n fi aró ayédèrú rẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìlú aró mọ irú rẹ̀: ó ń dán lójú ọjà, omi àkọ́kọ́ ni yóò sọ irú ẹni tó jẹ́. WRF yín ń kọ 864 GB lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹni tó ń tà á fi hàn yín ní ìṣẹ́jú kan kò kàn yín. Ẹ fi fio, ètò ìdánwò dísìkì, dán an wò kí ẹ tó sanwó tán tàbí kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá:

fio --name=idanwo --directory=/mnt/tuntun --rw=write --bs=1M --size=400G --direct=1 --ioengine=libaio --iodepth=8

Ẹ má wo ìlà àkọ́kọ́, iye tó wà nígbà tí 400 GB ń lọ sópin ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn lè máa dẹ́rù bà yín pé ìwé kíkọ á pa NVMe. Ẹ ṣírò ó: èyí tó ní 1 DWPD (kíkọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́) ní 3.84 TB fún ọdún márùn-ún lè gba nǹkan bí 7,000 TB. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ kan lójoojúmọ́, 0.864 TB lóòjọ́, kò tó ìdá mẹ́rin ohun tó lè gbà. Ẹ má sanwó lé èyí tó ní 3 DWPD.

Ohun tí mo ní kí ẹ sanwó lé ni ààbò iná. Òṣogbo yìí gan-an ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí NEPA ń mú iná lọ láàárín ọjọ́ kan. NVMe ilé iṣẹ́ ní capacitor kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ lára pátákó rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, wọ́n á fi ìwọ̀nba agbára tó kù lára wọn kọ ohun tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún laptop sábà máa ń wà láìní in. Ẹ wá “power loss protection” nínú ìwé rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, kò ní in. Ó tún ní èrè kejì. Nígbà tí NFS bá sọ pé “ṣé ó ti dé ilẹ̀?”, dísìkì tó ní capacitor lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀, torí ó mọ̀ pé òun kò ní sọ ọ́ nù. Èyí tí kò ní gbọ́dọ̀ dúró kí ó tó kọ ọ́ tán. Ẹ fi fio kan náà dán an wò pẹ̀lú --rw=randwrite --bs=4k --fsync=1 --size=2G, ẹ ó rí ìyàtọ̀ tó lé ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Nítorí ìyẹn náà ni mo fi ń bẹ̀ yín: nínú /etc/exports, ìwé ètò NFS lórí server, ẹ má kọ async. Àwọn tó fẹ́ kí iṣẹ́ yá lọ́fẹ̀ẹ́ ń kọ ọ́. Ó ń jẹ́ kí server sọ pé òun ti kọ̀wé nígbà tí ìwé ṣì wà nínú RAM. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà méje á máa rò pé fáìlì wà níbi tí kò sí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ sync. Ẹ fi UPS sára server àti switch, méjèèjì o. Mo ti rí ibi tí server ń ṣiṣẹ́ nìṣó tí switch sì ti kú. Kí UPS náà ní wáyà USB, kí ètò NUT lè pa server jẹ́jẹ́ nígbà tí bátìrì bá ń tán, kí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ máa gba ìyókù. Ẹ fi irin tó ń fọn ooru ká sórí NVMe, ẹ sì máa fẹ́ eruku inú rẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Bí ó bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ Lustre kò ní gùn. Iṣẹ́ ńlá ni, láti ọdún 1999 ni Peter Braam ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Carnegie Mellon. Ó ya àwọn tó mú ìwé orúkọ fáìlì dání sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó gbé dátà, ó sì ń fọ́n fáìlì kan sórí server púpọ̀ kí wọ́n lè jọ kà á. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Server kan ni ẹ ní. Kò sí ibi tí ẹ máa fọ́n fáìlì sí. Ó tún fẹ́ kernel tí wọ́n yàn fún un àti ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa tọ́jú rẹ̀ lọ, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ní iṣẹ́ tó dára ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní server méjì tàbí mẹ́ta tí NFS kò sì gbà yín mọ́, BeeGFS ni kí ẹ wò. Fraunhofer ní Kaiserslautern, Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005, orí Linux lásán ló ń jókòó sí, ọ̀sán kan sì tó láti gbé e dìde. Nígbà náà ni PnetCDF tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ á wá wúlò. Ẹ ka àdéhùn ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ta háàdì dísìkì yín. Frontier, ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, ní ibi ìpamọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Orion. NVMe rẹ̀ jẹ́ 11.5 PB (PB kan jẹ́ 1,000 TB), háàdì dísìkì rẹ̀ jẹ́ 679 PB. Àwọn tó lówó jù láyé náà fi NVMe síwájú, wọ́n sì fi háàdì dísìkì sẹ́yìn. Ẹ yọ mẹ́rin yín kúrò lára server, ẹ gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ tú RAID 5 ká kí ẹ fi RAID 6 dì wọ́n: àyè á dín kù sí ti méjì, àmọ́ méjì lè kú kí dátà má sọnù. Kí ẹ tó tú u, ẹ ti gbé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí NVMe tuntun, ẹ sì ti ṣí fáìlì mélòó kan láti fi mọ̀ pé wọ́n pé. Láti ìgbà náà lọ, kí rsync, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, máa kó àwọn àbájáde òjò àti àwòrán ewé láti server wá síbẹ̀ lálaalẹ́, ní agogo méjì, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ ra háàdì dísìkì USB kan sí i fún àwọn àwòrán tí ẹ fúnra yín lọ yà lóko, torí ìyẹn nìkan ni ẹ kò lè tún ṣírò, kí ọ̀kan nínú yín máa gbé e lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, kó sì gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé.